Adé Ẹ̀gún Tí Ó Wà ní Ẹnu Ọ̀nà Ilé Mi

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan nínú oṣù Ṣẹẹrẹ, nígbà tí ọyẹ́ ti mú ètè gbogbo wa gbẹ, tí eruku pupa sì ti bo ewé gbogbo ní àdúgbò wa ní Ìbàdàn, mo gbé àga síta, mo sì jókòó ti òdòdó kan ṣoṣo tí ara rẹ̀ ṣì yá nínú ọgbà mi. Koríko ti gbẹ, àwọn òdòdó tí mo ń bomi rin ní àárọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́ ti sorí kọ́, ṣùgbọ́n èyí tí n kò bu omi sí fún ọjọ́ 12 gbáko ni ó gbé òdòdó pupa lé orí ẹ̀ka rẹ̀ kọ̀ọ̀kan bí ẹni tí ó ń lọ sí òde ìyàwó. Ewé rẹ̀ kò pọ̀, nítorí pé ó ti gbọn púpọ̀ nínú wọn dànù nígbà tí ilẹ̀ gbẹ. Ẹ̀gún ni ó pọ̀ lára rẹ̀, ó gùn, ó mú, ó sì yí igi náà ká láti ìdí dé orí. Adé ẹ̀gún ni à ń pè é.

Mo fẹ́ kọ nípa rẹ̀ nítorí pé ìbéèrè kan náà ni àwọn aládùúgbò, àwọn ará ìjọ àti àwọn mọ̀lẹ́bí ń bi mí lọ́dọọdún bí òjò bá ti dá: kí ló dé tí tiwọn kú, tí tèmi kò kú? Ọ̀pọ̀ wọn gbà pé mo ní oògùn kan tí mò ń fi sí i. N kò ní oògùn kankan. Ohun tí mo ní ni sùúrù láti má ṣe bu omi sí i nígbà tí kò nílò omi, ó sì dùn mí láti máa rí òdòdó tí ó lè bá ènìyàn gbé fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí ó máa kú láàárín oṣù mẹ́ta péré lọ́wọ́ àwọn tí wọ́n fẹ́ràn rẹ̀ gan-an.

Ọ̀dọ̀ ìyá mi ni mo ti kọ́kọ́ rí i tí ó kú. Ẹnì kan nínú ẹgbẹ́ wọn ní ìjọ ni ó fún wọn ní èyí tí ó ti ga tó orúnkún, wọ́n sì gbé e sínú kóróbá ọ̀dà tí kò ní ihò nídìí, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹ̀rọ omi tí ó wà ní ẹ̀yìnkùlé. Ìyá mi kì í lè rí ohun ẹlẹ́mìí kí òǹgbẹ máa gbẹ ẹ́. Bí wọ́n bá fọ ìrẹsì tàbí ẹ̀wà tán, wọn kì í da omi náà nù. Ìdí ewúro ni wọ́n máa ń lọ dà á sí, bí ó bá sì ṣẹ́kù, adé ẹ̀gún ni ó kàn. Kò pẹ́ tí ewé rẹ̀ fi bẹ̀rẹ̀ sí í pọ́n, wọ́n rò pé òǹgbẹ ni, wọ́n sì fi kún omi tí wọ́n ń fún un. Nígbà tí mo lọ kí wọn ní ìparí ọ̀sẹ̀ kan, ìdí igi náà ti rọ̀ bí ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó pọ́n jù, ara rẹ̀ ti dúdú, bí mo sì ti fi ìgbálẹ̀ kàn án báyìí ni ó wó lulẹ̀. Ìyá mi dúró tì í pẹ́ títí. Wọ́n ní, “Bóyá omi tí mò ń fún un ni kò tó.”

Mo kó igi tí ó jẹrà náà sínú ọ̀rá, mo sì gbé e lọ bá bàbá àgbàlagbà kan tí ó ń ta òdòdó ní ẹ̀bá títì.

“Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ bá mi wo ohun tí ó ṣe èyí.”

Bàbá fi ìka tẹ ìdí rẹ̀, wọ́n gbóòórùn rẹ̀, wọ́n sì gbé e sílẹ̀.

“Ọmọ mi, ta ní ń bu omi sí i?”

“Ìyá mi ni, sà.”

“Bá mi kí wọn. Sọ fún wọn pé omi ni wọ́n fi pa á. Ọmọ orí àpáta ni èyí, kì í ṣe ọmọ etí odò.”

Wọ́n gé ẹ̀ka mẹ́ta fún mi lára èyí tí wọ́n ní, wọn kò gba kọ́bọ̀ lọ́wọ́ mi, wọ́n sì kìlọ̀ pé n kò gbọdọ̀ gbìn ín kí ọ̀sẹ̀ kan tó pé. Mo rò pé ọ̀rọ̀ náà kò yé mi dáadáa. Èwo ni ohun tí a gé lónìí tí a ó tún máa tọ́jú sílẹ̀ kí ó gbẹ? Ìgbà tí mo bẹ̀rẹ̀ sí í kàwé nípa rẹ̀ ni mo tó mọ bí òtítọ́ ọ̀rọ̀ wọn ti pọ̀ tó.

Erékùṣù Madagásíkà, tí ó wà nínú Òkun Íńdíà ní apá ìlà-oòrùn Áfíríkà, ni adé ẹ̀gún ti wá, àárín àpáta ni ó sì ti ń hù níbẹ̀, nínú erùpẹ̀ díẹ̀ tí ó bá há sínú ihò òkúta. Ẹni tí ó bá ti gun Òkè Olúmọ ní Abẹ́òkúta rí ní àkókò òjò yóò mọ ohun tí èyí túmọ̀ sí. Òjò lè rọ̀ bí ẹni pé ọ̀run ya, ṣùgbọ́n kí ènìyàn tó sọ̀ kalẹ̀, omi ti ṣàn lọ, àpáta ti gbẹ, oòrùn sì ti ń ta á. Ohun tí ó bá máa gbé irú ibẹ̀ gbọ́dọ̀ lè mu omi kíákíá, kí ó tọ́jú rẹ̀ sínú ara, kí ó sì fara da ọ̀pọ̀ ọjọ́ tí kò ní rí òmíràn. Ìdí nìyí tí igi adé ẹ̀gún fi nípọn tí ó sì kún fún omi nínú. Kóróbá tí kò ní ihò nídìí ni ibi tí ó jìnnà jù lọ sí ìlú rẹ̀.

Orúkọ tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè é ni Euphorbia milii. Milius ni gómìnà tí ó ṣàkóso erékùṣù Bourbon fún ilẹ̀ Faransé, erékùṣù tí à ń pè ní Réunion lónìí, òun ni ó sì mú kí òdòdó yìí dé ilẹ̀ Faransé ní ọdún 1821. Ọdún 1826 ni Charles des Moulins fi orúkọ rẹ̀ sọ ewéko náà. Èyí tí ó ṣáájú nínú orúkọ náà, ìyẹn Euphorbia, ti pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ: a rí i láti ara orúkọ Euphorbus, oníṣègùn tí ó ń tọ́jú Ọba Juba Kejì ní Mauretania, ní àríwá Áfíríkà. Inú mi dùn nígbà tí mo mọ èyí, pé ọba Áfíríkà kan wà nídìí orúkọ ohun tí ó wà ní ẹnu ọ̀nà ilé mi.

Ọ̀pọ̀ ènìyàn ń pè é ní cactus nítorí ẹ̀gún rẹ̀. Kì í ṣe cactus. Ilẹ̀ Amẹ́ríkà ni àwọn cactus ti wá, bí ẹ bá sì fi ọ̀bẹ kan ara wọn, omi lásán ni ó sábà máa ń jáde. Ti adé ẹ̀gún kò rí bẹ́ẹ̀: bí abẹ́rẹ́ bá kan ara rẹ̀ lásán, oje funfun bíi wàrà ni yóò tú jáde. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ìdílé rẹ̀ kò nílò láti lọ jìnnà, nítorí pé ìdílé ẹ̀gẹ́ ni. Ẹ̀gẹ́ tí à ń fi ṣe gàrí, lápálápá tí àwọn ará oko fi ń ṣe ọgbà, igi rọ́bà, gbogbo wọn ni ìbátan rẹ̀, gbogbo wọn ni ó sì ní oje. Nígbà tí mo mọ èyí, ọ̀rọ̀ ẹ̀ka tí a ó tọ́jú sílẹ̀ kò ṣàjèjì sí mi mọ́, nítorí pé mo rántí bí bàbá mi àgbà ṣe máa ń to igi ẹ̀gẹ́ sí abẹ́ ibòji fún ọjọ́ mélòó kan kí wọ́n tó gbé e lọ sí oko. Mo sì rántí pé ẹ̀gẹ́ náà máa ń gbọn ewé rẹ̀ dànù bí ọ̀dá bá mú, tí kò sì ní kú.

Ẹ jẹ́ kí n sọ nípa òdòdó rẹ̀ gan-an, nítorí pé ohun tí ojú rí kọ́ ni ó wà níbẹ̀. Ohun pupa méjì tí ó ṣù pọ̀ bí ẹ̀wù ọmọlangidi kì í ṣe òdòdó. Ewé ni wọ́n, ewé tí ó wọ aṣọ pupa láti pe kòkòrò. Ẹ tẹ̀ kí ẹ wò ó dáadáa, kí ẹ sì ṣọ́ ojú yín fún ẹ̀gún. Láàárín ewé pupa méjèèjì ni ife kékeré kan wà tí kò tóbi ju orí ìṣó lọ, etí ife náà ní àwọ̀ ìyeyè, ó sì ń dán nítorí adùn tí ó ń sun jáde níbẹ̀. Inú ife yẹn ni òdòdó gidi wà: abo kan ní àárín, àwọn akọ wẹ́wẹ́ yí i ká. Mo ti rí àwọn èèrà dúdú tí wọ́n ń tò lọ láàárín ẹ̀gún bí ẹni tí ó mọ ọ̀nà ilé rẹ̀, tí wọ́n ń gun orí ife náà lọ lá adùn, tí wọ́n sì ń padà láìfarapa. Bákan náà ni ti òdòdó Kérésìmesì tí à ń rí ní àkókò ọdún, ìyẹn poinsettia, nítorí pé ọmọ ìyá rẹ̀ ni. Ewé ni pupa tiwọn náà. Nítorí pé ewé ni, kì í tètè rẹ̀. Òdòdó lásán lè rọ lọ́jọ́ kejì, ṣùgbọ́n ewé pupa adé ẹ̀gún máa ń wà fún ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Ẹ̀gún náà ní ètò tirẹ̀. Ní ìdí ewé kọ̀ọ̀kan ni méjì ti máa ń yọ, ọ̀kan ní ọ̀tún, ọ̀kan ní òsì, bí ewé bá sì bọ́, ẹ̀gún yóò dúró síbẹ̀. Wọ́n lè gùn tó sẹ̀ǹtímítà 3. Bí ọ̀kan bá wọ ọwọ́ ènìyàn, orí rẹ̀ sábà máa ń kán sínú ẹran ara, ìgbà yẹn ni ènìyàn yóò mọ ìdí tí àwọn àgbà fi sọ pé ẹni tí ẹ̀gún gún lẹ́sẹ̀ ní í ṣe lákáǹlàká tọ alábẹ́rẹ́ lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ omi, tí ó jẹ́ ìdí tí mo fi mú kálámù. Àṣìṣe tí ó wọ́pọ̀ jù ni pé ènìyàn á mú ọjọ́ kan, á ní gbogbo ọjọ́ Mọ́ńdè àti Fúráídè ni òun yóò máa bu omi sí i. Òdòdó kò mọ Mọ́ńdè. Ilẹ̀ inú ìkòkò rẹ̀ ni kí ẹ bi, kì í ṣe kàlẹ́ńdà. Ẹ fa ẹyọ ìgbálẹ̀ kan yọ, kí ẹ tì í bọ inú ìkòkò náà títí yóò fi wọlé tó ìka ọwọ́ kan, kí ẹ fi í sílẹ̀ díẹ̀, kí ẹ sì fà á yọ. Bí erùpẹ̀ bá lẹ̀ mọ́ ọn, tàbí tí ó tutù nígbà tí ẹ fi kan ẹ̀rẹ̀kẹ́, ẹ má ṣe bu omi sí i. Bí ó bá jáde ní gbígbẹ, ẹ bu omi sí i dáadáa títí tí yóò fi máa jò nídìí ìkòkò, kí ẹ sì kúrò níbẹ̀ títí ilẹ̀ yóò tún fi gbẹ. Omi díẹ̀díẹ̀ lójoojúmọ́ burú ju omi púpọ̀ lẹ́ẹ̀kan lọ, nítorí pé kì í jẹ́ kí gbòǹgbò rí àyè mí. Ní àkókò ẹ̀ẹ̀rùn, mo máa ń bu omi sí tèmi bí ẹ̀ẹ̀kan láàárín ọjọ́ 10 sí 14. Ní àkókò òjò, n kì í bu omi sí i rárá. Kàkà bẹ́ẹ̀, mo máa ń gbé àwọn tí ó wà nínú ìkòkò lọ sí abẹ́ etí òrùlé tí òjò kò ti ní máa rọ̀ lù wọ́n ní gbogbo ìgbà, níbi tí oòrùn sì ti lè dé ọ̀dọ̀ wọn.

Bí ewé rẹ̀ bá ń bọ́ nígbà tí ilẹ̀ gbẹ, ẹ má ṣe jáyà. Ohun tí ìyá mi kò mọ̀ nìyẹn, èmi náà kò sì mọ̀ ọ́n nígbà náà. Ewé tí ó bọ́ nítorí ọ̀dá máa ń padà. Igi náà ṣì le, àwọ̀ rẹ̀ kò yí padà, òdòdó sì lè wà lórí rẹ̀. Èyí tí ó yẹ kí ó bani lẹ́rù ni ewé tí ó ń pọ́n tí ó sì ń bọ́ nígbà tí ilẹ̀ tutù, pàápàá bí ìdí igi bá ti ń rọ̀. Bí ẹ bá bá a ní ìpele yẹn, ẹ má ṣe dúró wo ìdí rẹ̀ mọ́. Ẹ gé orí rẹ̀ tí ó ṣì le, kí ẹ sì tún un gbìn.

Erùpẹ̀ ọgbà lásán kò dára fún un, pàápàá erùpẹ̀ alámọ̀ tí a ní ní ọ̀pọ̀ ibi ní Ìbàdàn, nítorí pé ó máa ń di omi mú. Ìdajì erùpẹ̀ àti ìdajì yanrìn tí kò kúnná, irú èyí tí àwọn bíríkìlà fi ń po kọnkéré, ni mo máa ń lò, mo sì máa ń da òkúta wẹ́wẹ́ sí ìsàlẹ̀ mọ́ orí ihò ìkòkò kí yanrìn má bàa dí i. Ìkòkò amọ̀ dára ju ti ike lọ, nítorí pé amọ̀ máa ń mu omi kúrò lára erùpẹ̀. Ìgbẹ́ adìyẹ tútù kò yẹ ẹ́ rárá. Ẹ fún un ní oòrùn tí ó tó wákàtí mẹ́fà lójúmọ́. Abẹ́ igi máńgòrò kọ́ ni ibùgbé rẹ̀, bí ó bá sì wà níbi tí ó ṣókùnkùn, yóò kàn máa gùn tẹ́ẹ́rẹ́ ni, kò ní tanná. Àwọn kòkòrò funfun tí ó dà bí òwú máa ń lẹ̀ mọ́ ọn nígbà mìíràn, mo sì máa ń fi òwú tí mo rì sínú sípíríìtì nù wọ́n kúrò.

Ẹ̀ka mẹ́ta tí bàbá fún mi ni mo fi kọ́ bí a ti ń gbìn ín. Ọ̀bẹ mímú ni kí ẹ fi gé e, ní ìwọ̀n sẹ̀ǹtímítà 10 sí 15 láti orí ẹ̀ka. Ẹ̀mú tí a fi ń yí dòdò nínú epo gbígbóná ni mo fi ń di ẹ̀ka náà mú, kò sì sí ohun tí ó rọrùn jù ú lọ. Ẹni tí kò bá ní in lè fi ìwé ìròyìn tí a ká léra wọn mú un. Bí ẹ bá ti gé e, oje yóò bẹ̀rẹ̀ sí í kán tó-tó-tó. Ẹ ti ojú ọgbẹ́ náà bọ omi títí oje yóò fi dá, kí ẹ sì ṣe bẹ́ẹ̀ sí ojú ibi tí ẹ ti gé e lára ìyá rẹ̀ pẹ̀lú, kí ẹ wọ́n omi sí i. Lẹ́yìn èyí, mo máa ń fi èédú tí mo gún kúnná pa ojú ọgbẹ́ náà, kí n tó tẹ́ àwọn ẹ̀ka náà sórí pákó ní ibòji fún ọjọ́ 5 sí 7. Ojú ọgbẹ́ yóò gbẹ, yóò sì di èépá bí ojú egbò tí ó ti ń san. Èépá yìí ni gbogbo àṣírí ọ̀rọ̀ náà, nítorí pé ẹ̀ka tí a gbìn nígbà tí ojú ọgbẹ́ rẹ̀ ṣì tutù máa ń gba ìdíbàjẹ́ wọlé láti inú ilẹ̀, ìdí rẹ̀ á sì jẹrà kí gbòǹgbò tó yọ. Ẹ gbìn ín sínú yanrìn tí ó ní ọ̀rinrin díẹ̀ péré, kí ẹ má sì máa fà á yọ wò. Láàárín ọ̀sẹ̀ 5 sí 8, ẹ ó rí ewé tuntun. Nínú mẹ́ta tí bàbá fún mi, méjì ni ó yè. Ọ̀kan tí mo kánjú gbìn ní ọjọ́ kejì nítorí pé n kò gbà wọ́n gbọ́ ni ó kú.

Ẹ̀gún rẹ̀ kọ́ ni ó yẹ kí a bẹ̀rù jù, oje rẹ̀ ni. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, mò ń gé ẹ̀ka kúrò lára èyí tí ó ti ń dí ọ̀nà, òógùn ń ṣàn wọ̀ mí lójú, mo sì fi ẹ̀yìn ọwọ́ nù ún láìronú. Láàárín ìṣẹ́jú kan, ojú mi ọ̀tún ti ń ta mí bí ẹni pé wọ́n fi ata rodo rà á, omi ń dà lójú mi, n kò sì lè là á. Ìyàwó mi ni ó fà mí lọ sí ìdí ẹ̀rọ, ó fi ìka méjì la ìpéǹpéjú mi, ó sì jẹ́ kí omi máa ṣàn sí i, kò jẹ́ kí n dìde títí 20 ìṣẹ́jú fi kọjá, bí mo tilẹ̀ ń bẹ̀ ẹ́. Lẹ́yìn náà ni a lọ sí ilé ìwòsàn ojú. Dókítà ní omi tí a fi ṣàn án kíákíá ni ó ràn mí lọ́wọ́ jù, nítorí pé oje irú ewéko bẹ́ẹ̀ lè ba ẹyin ojú jẹ́ gidigidi. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo fi wà nínú yàrá tí mo fi aṣọ dí fèrèsé rẹ̀. Láti ìgbà náà, n kì í fọwọ́ kàn án láìwọ ìbọ̀wọ́ tí ó nípọn àti awò ojú, mo sì ń fi ọṣẹ fọ ọwọ́ àti ọ̀bẹ tí mo bá ti parí, nítorí pé omi nìkan kì í ṣí oje kúrò lára. Ewúrẹ́ tàbí ajá tí ó bá jẹ ẹ́ lè ṣàìsàn pẹ̀lú.

Ìdí nìyí tí n kò fi gbà nígbà tí àwọn ọ̀dọ́ ìjọ wa wá bá mi ní ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú Àjíǹde, tí wọ́n fẹ́ gé ẹ̀ka rẹ̀ láti hun adé fún ẹni tí yóò ṣe Jésù nínú eré wọn. “Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, adé ẹ̀gún náà kúkú ni orúkọ rẹ̀,” ni olórí wọn wí. Ẹ̀ka tuntun rẹ̀ rọ̀, ó sì ṣe é tẹ̀ bí òrùka lóòótọ́, wọn ì bá hun ún. Mo mú wọn lọ sí ìdí rẹ̀, mo gé ewé kan, mo sì jẹ́ kí wọ́n wo bí oje ṣe ń kán. Mo ní kí wọ́n ronú pé èyí ni yóò máa ṣàn láti iwájú orí ọmọ náà wọ inú ojú rẹ̀. Wọ́n dákẹ́. Okùn àti ẹ̀ka gbígbẹ ni wọ́n padà lọ lò. Mo tún sọ fún wọn pé orúkọ lásán ni ó pa òdòdó yìí pọ̀ mọ́ ìtàn Jésù, pé àwọn ará Yúróòpù kò mọ̀ ọ́n kí ó tó ti Madagásíkà dé ọ̀dọ̀ wọn, pé igi ẹlẹ́gùn-ún mìíràn ni ó wà ní agbègbè Jerúsálẹ́mù. Orúkọ náà ti tàn káàkiri ṣá o. Ní Bràsíl, coroa-de-cristo ni wọ́n ń pè é, ìyẹn adé Kristi.

Ní Bràsíl yìí kan náà ni àwọn onímọ̀ sáyẹ́ǹsì ti ṣàwárí iṣẹ́ mìíràn fún oje tí ó fẹ́ gba ojú mi. Láti nǹkan bí ọdún 1986 ni wọ́n ti ń kọ̀wé nípa rẹ̀ pé bí a bá po díẹ̀ péré nínú rẹ̀ mọ́ omi púpọ̀, ó máa ń pa àwọn ìgbín kéékèèké inú omi tí ó ń gbé kòkòrò bilharzia. Àwa náà mọ àrùn yìí, àwọn àgbà ń pe èyí tí ó ń mú kí ọmọdé tọ ẹ̀jẹ̀ ní àtọ̀sí ajá, odò tí wọ́n ti ń wẹ̀ ni wọ́n sì ti ń kó o. Iṣẹ́ àwọn tí ó mọ ìwọ̀n ni èyí. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe lọ da oje sínú odò tí ènìyàn ń pọn mu.

Fún ibi tí a ó gbìn ín sí, èrò mi kò ṣe méjì. Bí ọmọ tí kò tíì tó ọdún mẹ́jọ bá wà nílé, ẹ gbé e sí orí ògiri tàbí ibi tí ọwọ́ kò tó. Ẹ má ṣe gbìn ín sí ẹ̀gbẹ́ ọ̀nà tóóró tí aṣọ yóò ti máa kọ́ ọ. Abẹ́ fèrèsé tí olè lè gbà wọlé dára fún un, ìdí ògiri tí oòrùn ń ràn sí ní ọ̀sán náà dára, níbi tí kò sí ohun mìíràn tí ó ń hù dáadáa. Gíga tèmi tó mítà 1 sí mítà 1.5, mo sì ń gé e lẹ́ẹ̀kan lọ́dún kí ó lè yọ ẹ̀ka.

Àwọn tí ń ta òdòdó ti ń kó irú mìíràn wá báyìí, èyí tí òdòdó rẹ̀ tóbi tó owó ẹyọ náírà àtijọ́ tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí ó ní àwọ̀ funfun, ìyeyè tàbí pupa tí etí rẹ̀ yàtọ̀. Ilẹ̀ Táílàǹdì ni wọ́n ti sọ irú èyí di púpọ̀. Poi Sian ni wọ́n ń pè é níbẹ̀, láti ara ìtàn àwọn ẹni àìkú mẹ́jọ tí àwọn ará Ṣáínà ń sọ, wọ́n sì gbà pé oríire wà nínú rẹ̀ bí òdòdó mẹ́jọ bá tan pa pọ̀ lórí ọ̀pá kan. Ó rẹwà, n kò lè sẹ́ ẹ. Mo ra méjì, ọ̀kan sì ti kú nínú òjò ọdún tí ó kọjá, nígbà tí mo rìnrìn àjò tí kò sí ẹni tí yóò gbé e sí abẹ́ òrùlé. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, èyí tí òdòdó rẹ̀ kéré tí ó sì pupa, irú ti bàbá àgbàlagbà yẹn, ni mo máa ń sọ pé kí ó wá. Ó le, ó sì máa ń tanná yípo ọdún.

Ní ọdún tó kọjá, mo mú ọ̀kan tí ó ti ta gbòǹgbò dáadáa lọ fún ìyá mi, nínú ìkòkò amọ̀ tí mo lu ihò mẹ́ta sí nídìí, mo sì gbé e sí orí ògiri iwájú ilé wọn, níbi tí ó jìnnà sí ẹ̀rọ omi. Mo fi ẹyọ ìgbálẹ̀ kan tì í. Wọn kò kọ́kọ́ fara mọ́ ọn. Wọ́n ní ó dà bí ẹni pé a fi ebi pa ọmọ. Ṣùgbọ́n ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé tí ó kọjá, wọ́n pè mí lórí fóònù.

“Ó ti tanná o. Mo ka mẹ́fà.”

“Ẹ kú oríire, Mọ́mì. Ṣé ẹ bu omi sí i?”

“Mo ti ki ẹyọ ìgbálẹ̀ bọ̀ ọ́, erùpẹ̀ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn. Ewúro ni mo da omi ìrẹsì sí.”